Láti Civitavecchia dé Róòmù: rélùwéè, bọ́ọ̀sì àbí ká háyà mọ́tò?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o. Aago 7 àárọ̀ ni ọkọ̀ ojú omi wa máa gúnlẹ̀ sí èbúté Civitavecchia, a ò sì gbọdọ̀ padà síbẹ̀ kọjá aago 5 ìrọ̀lẹ́. Màmá mi, tí orúnkún ń dà láàmú, fẹ́ rí Vatican dandan. Ọkọ mi ní ká háyà mọ́tò.

Àlàbí: Mọ́tò kẹ̀? Ẹ má dán an wò, ẹ̀gbọ́n. Kámẹ́rà ń ṣọ́ àwọn àdúgbò ZTL, ìyẹn ibi tí mọ́tò tí kò gbàṣẹ ò gbọdọ̀ wọ̀, láàárín Róòmù. Mo wọ ọ̀kan láìmọ̀. Mo ti gbàgbé ìrìn àjò náà kí ìwé owó ìtanràn tó bá mi nílé ní London. Rélùwéè ni. Roma San Pietro, ibùdókọ̀ rélùwéè tó wà nítòsí Vatican, ni kẹ́ ẹ ti bọ́ọ́lẹ̀, ẹ má dé Termini, ibùdókọ̀ ńlá Róòmù. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé, ẹ kọ́kọ́ tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ kó lù ú ní òǹtẹ̀.

Dúpẹ́: Orúnkún màmá ńkọ́? Bọ́ọ̀sì tí ọkọ̀ ojú omi fúnra rẹ̀ ṣètò wọ́n lóòótọ́, àmọ́ bí sún kẹrẹ fà kẹrẹ bá dá a dúró, ọkọ̀ ojú omi á dúró dè yín. Ẹni tó bá dá lọ, tirẹ̀ ló ń ṣe.

Ìyá Ìbejì: Mo kà á fún màmá. Wọ́n ní àwọn ò lè máa sá tẹ̀ lé rélùwéè. Bọ́ọ̀sì nìyẹn. Ọkọ mi ṣì ń kùn.