Ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ kíkó ẹrù ìrànwọ́: ibo ló ti ń já yín kulẹ̀?

Atọ́kùn: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ yìí, ẹ̀rọ wo ló wúlò lóòótọ́, èwo ló kàn ń gbé ariwo?

Aláfiriji: Ẹ̀rọ tó ń ka ooru inú firiji abẹ́rẹ́ àjẹsára, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ọjọ́ 30. Láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius la fẹ́. Ooru ni gbogbo èèyàn ń ṣọ́, òtútù sì ń ba ọjà jẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmì ara ìgò, tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí bí ooru bá ti pọ̀ jù, kò mọ̀ ju ooru lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Hepatitis B tó ti dì gbagidi, onígun mẹ́rin àárín àmì rẹ̀ á ṣì funfun ju òrùka lọ, bíi pé ó ṣì dára. Ike yìnyín tí wọ́n yọ láti inú firísà sínú kúlà ní tààrà ló ń fà á. Ẹ gbé ike yìnyín náà síta títí ẹ ó fi mì ín tí omi á ró nínú rẹ̀.

Awakọ̀: Ẹ dúró ti yìnyín, ọkọ̀ ń fun fèrè 😂

Aláfiriji: Kó máa fun.

Akọ̀wé-ẹrù: Kékeré nìyẹn. Páálí RUTF kan, ìyẹn oúnjẹ ìtọ́jú fáwọn ọmọ tí àìjẹunre-kánú ń bá jà, ọ̀rá 150 ló wà nínú rẹ̀. Páálí 40 wọlé, ẹnì kan tẹ 40 síbi tí kọ̀ǹpútà ti ń retí iye ọ̀rá. Ilé ẹrù kún dẹ́nu ọ̀nà, kọ̀ǹpútà ní ohun tó wà níbẹ̀ kò tó ìdajì páálí! Ó tún béèrè òmíràn.

Ayẹ̀wé-wò: Ẹ lo síkáànà.

Akọ̀wé-ẹrù: Kóòdù ni síkáànà ń kà, kì í ka ẹrù. Ẹ jẹ́ kó di dandan láti yan páálí tàbí ọ̀rá kí ẹ̀rọ tó gba iye wọlé.

Òǹtẹ̀: Aago tábúlẹ́ẹ̀tì tá a fi ń kọ iye ẹrù ńkọ́? Bó bá yẹ̀ níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ìgbà tó bá fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́, á dà bíi pé ẹrù ti jáde kó tó wọlé. Iye á bọ́ sábẹ́ òdo. Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ ti yẹ aago wò.

Ọmọ-blockchain: Blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tẹ́nikẹ́ni ò lè pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, á tán gbogbo èyí. WFP, àjọ oúnjẹ ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní àgọ́ àwọn olùwá-ibi-ìsádi ní Azraq ní Jọ́dánì ní 2017.

Akọ̀wé-ẹrù: Owó ìrajà nìyẹn, ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe páálí. Bá a bá tẹ irọ́ sí i, irọ́ tí kò ṣeé pa rẹ́ la ní.

Ayẹ̀wé-wò: Ẹyinjú tí ẹ̀rọ ń kà ni wọ́n sì fi rajà níbẹ̀, dípò káàdì. Bí wọ́n bá jí nọ́ńbà àṣírí, a ó yí i. Ojú ńkọ́?

Ọmọ-blockchain: Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ó yá ju káàdì lọ.

Awakọ̀: Yìnyín yẹn, wákàtí mélòó?

Aláfiriji: Kò ní wákàtí. Bí ibẹ̀ bá ṣe gbóná sí ni. Mì ín.