Kí ló yẹ kó wà nínú ẹ̀kọ́ fún àwọn rẹ́sídẹ́ǹtì tó ń lọ Ìlú Ọba?

Olùkọ́ rẹ́sídẹ́ǹtì, Ilé-Ifẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Rẹ́sídẹ́ǹtì 12, àwọn dókítà tó ń kọ́ ìmọ̀ àkànṣe, ló fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Ìlú Ọba. Ọ̀sẹ̀ 6 la ní, wákàtí 2 ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Kí ni ká fi sí i, kí ni ká yọ?

Dókítà àgbà, Iléṣà:
Ẹ yọ ìtọ́jú ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n tinútẹ̀yìn. Ìpè òru ni kí ẹ fi kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì á pè, á ní "NEWS rẹ̀ ti di 8." Ẹni tí kò mọ NEWS2, òṣùwọ̀n àmì tí wọ́n fi ń mọ bí ara aláìsàn ṣe ń burú tó, kò ní mọ bó ṣe yẹ kóun sáré tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí ìwé: mímí 22 ní ìṣẹ́jú kan, àmì 2, ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ 94%, àmì 1, ó ń gba ọ́síjìn, àmì 2, ìlù ọkàn 112, àmì 2, ìgbóná ara 38.4, àmì 1. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 118, ó sì wà lójúfò, àmì òdo ni méjèèjì. Ó di 8. Tó bá pé 5, kí dókítà dìde kíá. Tó bá pé 7, pàjáwìrì ni.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà nìyí: àwọn aláìsàn COPD (àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ọlọ́jọ́ pípẹ́) tí carbon dioxide ń há sí lára. Òṣùwọ̀n ọ́síjìn kejì inú NEWS2 ni tiwọn, 88 sí 92% ni kí ọ́síjìn wọn mọ. Ẹni tó bá tì í dé 98, ó ń pa wọ́n lára.

Olùkọ́ ìṣe, Ilé-Ifẹ̀:
Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n pé. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, ẹni 4 lọ́nà kan: nọ́ọ̀sì, dókítà, ọ̀gá lórí fóònù, ẹni tó ń wo aago. Ìṣẹ́jú 8 fún ìṣe, bíi ti PLAB 2 (ìdánwò ìṣe tí dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè ń ṣe kó tó lè ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba), 15 fún ìjíròrò, 2 fún pípààrọ̀ ipò. Ìgbà mẹ́rin, ìṣẹ́jú 100, gbogbo wọn á ti ṣe dókítà. Kí ọ̀gá kọ ẹ̀yìn sí wọn, torí ojú kì í ríra lórí fóònù.

SBAR ni kí wọ́n fi ròyìn: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn aláìsàn ní ṣókí, ohun tí dókítà rò pó ń ṣe é, ohun tó ń fẹ́. Ọ̀pọ̀ á bẹ̀rẹ̀ ìtàn aláìsàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ọ̀gá ò sì ní mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Gbólóhùn àkọ́kọ́ ni kí wọ́n ti sọ ọ́: "Mo fẹ́ kí ẹ wá wò ó báyìí." Nílé, ojú máa ń tì wá láti jí àgbà lóru. Lọ́hùn-ún, àìpè gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ tẹnu mọ́ ọn ní gbogbo Sátidé.

Aṣètò, Iléṣà:
Tí àwọn tó wà lọ́hùn-ún bá máa kọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣọ́ aago. Aago 10 àárọ̀ wa ni aago 10 tiwọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Láti Sọ́ńdè tó kẹ́yìn oṣù Ọ́kítóbà, ó di aago 9. Ẹ kọ aago méjèèjì sínú ìwé ìpè.