Ìwé àròsọ sáyẹ́ǹsì wo ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tí kò ka ìtàn àròsọ sáyẹ́ǹsì rí, èwo ni kó kọ́kọ́ mú? Dune, ìwé Frank Herbert, ni gbogbo èèyàn ń dárúkọ, àmọ́ ọ̀pọ̀ ni kì í kà á jìnnà. Kí ló fà á?

Èsì 1: Ọ̀rọ̀ àjèjì ni. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bíi gom jabbar àti Kwisatz Haderach ti dé, Herbert ò sì dúró ṣàlàyé. Àtòjọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wà lẹ́yìn ìwé náà; ẹ fi bébà há ibẹ̀, kẹ́ ẹ máa ṣí i wò. The Time Machine ti H. G. Wells (1895) ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kò gùn rárá.

Èsì 2: Òótọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé mẹ́ta Foundation ti Isaac Asimov, kó tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe jáde: 1951, 1952, 1953. Kó má fi Prelude to Foundation ti 1988, tó sọ ìtàn tó ṣáájú tiwọn, ṣíwájú, ó máa ń tú àṣírí.

Èsì 3: Ẹ má gbàgbé The Left Hand of Darkness (1969) ti Ursula K. Le Guin o! Àwọn ará Gethen, ayé tí ìtàn náà ti wáyé, kì í ṣe akọ, wọn kì í ṣe abo, àfi fún ọjọ́ díẹ̀ lóṣù. "He" ni Le Guin fi ń pè wọ́n, ìyẹn ló ń jẹ́ kí òǹkàwé rò pé ọkùnrin ni gbogbo wọn. Tẹ́ ẹ bá ń kà á, ẹ fi "ó" tiwa rọ́pò rẹ̀ lọ́kàn, ẹ ó rí i bí àwòrán wọn ṣe máa yí padà. Orí 7 ló ṣàlàyé bí ara wọn ṣe rí yékéyéké. Ẹ má fò ó.