Ọmọńlé aláwọ̀ ẹkùn ń bu ìrù ara rẹ̀ jẹ

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń mú kí leopard gecko máa bu ìrù àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jẹ? Ó bọ́ awọ ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn. Ìka méjì wú, ṣóńṣó ìrù sì dúdú. Abẹ́ gíláàsì àpótí rẹ̀ ni ohun tó ń mú un móoru wà, kò sí thermostat (ohun tó ń díwọ̀n ooru kó má bàa pọ̀ jù).

Èsì: Awọ tí kò bọ́ tán ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ó máa ń yí ìka ká bí òwú; bó ṣe ń gbẹ ló ń fún un, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá mọ́, ẹranko á sì máa gé e jẹ. Ẹ gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bíi 30°C, tí kò ju ikùn rẹ̀ lọ, fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ wá fi igi olówùú tí a fi ń nu etí yí awọ náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á o, ìka lè bá a já.

Èsì: Òótọ́ ni, àmọ́ ìrù yẹn ń kọ mí lóminú. Bó bá gbẹ, tó le, tí dúdú náà ń gòkè, ẹran ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Dókítà ẹranko ló ń gé e, kì í ṣe abẹ inú ilé.

Èsì: Kò sí thermostat kẹ̀! Gíláàsì lè gbóná kọjá 40°C, kó jó o níkùn. 31 sí 33 ló tọ́. Ẹ kó iyanrìn kúrò, ẹ tẹ́ pépà títí egbò á fi jinná, kẹ́ ẹ sì fi ike kékeré tí mọ́ọ̀sì (ewéko kéékèèké rírọ̀) tútù wà nínú rẹ̀ sí i. Ìrẹ̀ tí ẹ fún un tí kò jẹ tán ńkọ́? Ẹ kó o jáde lálẹ́: ìrẹ̀ náà máa ń gé ìka jẹ, ọmọńlé la ó sì máa bá wí.