Owó Pílátù tí mo kọ̀, àti èyí tí mo gbé wálé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sọ bẹ́ ẹ ṣe ra owó idẹ àtijọ́ tiyín níbí, owó gidi lẹ rà. Ẹ wá gbọ́ tèmi.

Nígbà tí a lọ sí Jerúsálẹ́mù, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan nínú ìlú àtijọ́, mo ní kí bàbá tó ń tajà mú owó Pílátù jáde, ìyẹn owó idẹ tí Pọ́ńtíù Pílátù ṣe nígbà tó jẹ́ gómìnà Róòmù ní Jùdíà, ilẹ̀ àwọn Júù. Ó kó méjì sílẹ̀. Ọ̀kan rí játijàti, àwòrán ẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, nǹkan kékeré kan sì yọ létí ẹ̀ bí ìwọ́ ọmọ tuntun. Èkejì rí roboto, iyanrìn pupa fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo ní, "Èyí tó dáa yìí ni kẹ́ ẹ fún mi." Ojú kòkòrò.

Mo délé, mo fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Iyanrìn ṣí kúrò tòun ti gọ́ọ̀mù. Ihò wínníwínní ló wà lábẹ́ ẹ̀ bíi ti búrẹ́dì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sì yí etí ẹ̀ ká. Ayédèrú ni: wọ́n kàn da òun tàwòrán ẹ̀ pọ̀ ni, wọn ò lu àwòrán sí i.

Ohun tó dùn mí jù ni "ìwọ́" yẹn. Òkúta ẹfun làwọn ará Jùdíà máa ń gbẹ́ ihò sí, wọ́n á la ojú ọ̀nà tóóró láti inú ọ̀kan dé èkejì, wọ́n á da idẹ yíyọ́ sí i. Bó bá dì, owó á so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n á lu àwòrán sí i, wọ́n á wá gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú ibi tí wọ́n ti gé e ni mo pè ní àbùkù!

Mo ti rí gidi rà báyìí. Bíi gíráàmù méjì péré ni, ti ọdún kẹrìndínlógún Tìbéríù Késárì (29 sí 30 Sànmánì Kristẹni). Ṣírí ọkà báálì mẹ́ta wà lójú kan. Ojú kejì, ìgbakọ tí àlùfáà Róòmù fi ń ta wáìnì sílẹ̀ fún òrìṣà wọn. Ẹ fojú inú wo Júù tó ń fi ìyẹn ra búrẹ́dì.

* * *

Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Tèmi kì í ṣe ayédèrú, èmi ni mo bà á jẹ́. Owó àwọn Júù tó dìde sí Róòmù ni, ọdún kejì ogun wọn (67 sí 68): ìkòkò ọlọ́wọ́ méjì lójú kan, ewé àjàrà lójú kejì, "Òmìnira Síónì" ní lẹ́tà Hébérù àtijọ́. Mo dì í sínú ọ̀rá nígbà tí omi ṣì wà lára ẹ̀. Ìgbà tí mo máa ṣí i, lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ ewé ti ń já bọ́ lára ẹ̀. Ìkòkò ṣì kù, ewé àjàrà ti lọ.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó lọ Jerúsálẹ́mù, ṣé wọ́n fún yín ní ìwé àṣẹ? Òfin Ísírẹ́lì ti 1978 ò gbà kí ohun àtijọ́ jáde nílùú láìgba àṣẹ.

* * *

Ìwé kẹ̀! Ní pápákọ̀ òfuurufú, òṣìṣẹ́ kan gbé owó mi tó roboto yẹn sójú iná, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a padà sí mi lọ́wọ́. Mo tún ní "Ọlọ́run ṣeun" o.