Chevelle 1970 kan rèé, wọ́n ní SS 396 gidi ni, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Dámọ́lá PG
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ forí jì mí. Maryland ni mo wà, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ ti ń wù mí, àwọn oní-V8 (ẹ́ńjìn onísílíńdà mẹ́jọ) tó jẹ́ pé wàá ti gbúròó wọn kí wọ́n tó yọ ní kọ́nà. Mo wá rí Chevelle 1970 kan, ọkọ̀ Chevrolet, ní Pennsylvania, pupa fòò, ìlà dúdú méjì lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, gíá ọlọ́wọ́. Bàbá tó ń tà á ní SS 396 gidi ni (SS ni Super Sport, Chevelle alágbára; 396 ni ìwọ̀n ẹ́ńjìn ẹ̀ ní kúbíìkì ínṣì), ẹ́ńjìn tó bá a jáde láti fákítírì ló ṣì wà nínú ẹ̀. $52,000 ló ń pè é. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ ń dán gbinrin, ẹ lè fi ṣe dígí. Ó ní ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó lópin ọ̀sẹ̀ yìí, pé kí n fi $2,000 ránṣẹ́ kóun lè dá a dúró dè mí. Ìyàwó mi ní ẹni tó bá fi owó yẹn ránṣẹ́ kó lọ sùn sínú ọkọ̀ náà.

Mo mọ Camry àti Corolla dáadáa o, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó jù mí lọ́jọ́ orí, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi nọ́ńbà ṣáṣí ẹ̀ wá a lórí Carfax, ibi tí wọ́n ti ń wo ìtàn ọkọ̀, kò gbé nǹkankan jáde. Ṣé gbájú-ẹ̀ ni?

Àǹtí Ròńkẹ́ Houston
Ìyàwó ẹ ló gbọ́n jù nínú ilé yẹn 😂. "Ẹlòmíì ń bọ̀", láti Berger títí dé Cotonou gbogbo ẹni tó ń ta ọkọ̀ ló mọ orin yẹn. Má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí o ò tíì rí ọkọ̀ ẹ̀ o.

Ẹ̀gbọ́n Gàníyù
Dámọ́lá, fọkàn balẹ̀ lórí ti Carfax yẹn. Nọ́ńbà ṣáṣí oní-lẹ́tà mẹ́tàdínlógún tí gbogbo wa mọ̀, ọdún 1981 ló bẹ̀rẹ̀. Ti Chevelle 1970, mẹ́tàlá péré ni, Carfax ò sì lè kà á. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà níṣòro.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún ẹ ni SS tó ń pariwo yẹn. Ní 1970, nọ́ńbà ṣáṣí ò sọ pé ọkọ̀ jẹ́ SS tàbí kò jẹ́. Á kàn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 13637, ìyẹn Malibu (oríṣi Chevelle kan) V8 onílẹ̀kùn méjì, 0 tó tẹ̀ lé e ni ọdún 1970, lẹ́tà tó kàn ni ìlú tí wọ́n ti tò ó. Wọ́n kàn ń fi SS kún Malibu fún ẹni tó bá fẹ́ ni, bí ìgbà tí èèyàn ní kí wọ́n fi ẹran kún ìrẹsì. Torí ẹ̀ ni ayédèrú SS fi pọ̀ jáǹrẹrẹ: wọ́n á ra Malibu oní-307 (ẹ́ńjìn kékeré), wọ́n á lẹ àmì SS mọ́ ọn, wọ́n á kun ìlà dúdú, wọ́n á gbé ẹ́ńjìn ńlá sínú ẹ̀, owó á di ìlọ́po. Bi bàbá yẹn léèrè bóyá ó ní ìwé tí fákítírì fi to ọkọ̀ náà, wọ́n sábà máa ń rí i lórí táńkì epo, láàárín táńkì àti bọ́dì, ẹlòmíì rí tiẹ̀ nínú sípíríǹgì ìjókòó. Tí kò bá sí ìwé kankan, Malibu ni kó o pè é títí wọ́n á fi já ẹ nírọ́.

Kó ya fọ́tò pátákó irin kékeré tó wà lára ògiri tó pààlà ẹ́ńjìn àti inú ọkọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ. Gbé e síbí.

Dámọ́lá PG
Ẹ ṣeun sà. Ó ti fi ránṣẹ́. Mo rí 02B lókè, mo rí 70 13637, mo rí BAL, nísàlẹ̀ wọ́n kọ 28 28 síbi tí wọ́n kọ PAINT sí.

Ẹ̀gbọ́n Gàníyù
Háà. BAL, Baltimore nìyẹn, ìtòsí ẹ níbẹ̀ ni wọ́n ti tò ó. 02B, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì 1970. 28 yẹn wá ni Fathom Blue. Búlúù dúdú ni wọ́n fi bí i, àbúrò mi, kì í ṣe pupa. Ìyẹn nìkan ò ní kí èèyàn má rà á o, ṣùgbọ́n bi í léèrè ìdí tí kò fi sọ fún ẹ.

Táyé Mẹkáníìkì (Philly)
Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí orúkọ ká wá sórí irin. Ẹ́ńjìn tó bá kú, a lè tún un ṣe. Irin tó bá ti dípáàrà tán ni owó ẹ kì í tán. Pennsylvania àti Maryland, wọ́n máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù, ọkọ̀ tó bá ti rìn lórí iyọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò kó o tó wo pupa tó ń dán.

Gbé mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, èyí tí wọ́n fi ń lẹ nǹkan mọ́ fíríìjì tó, fi aṣọ wé e kó má ha ọ̀dà fún un. Fi lẹ ìsàlẹ̀ ara ọkọ̀ lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún lósì, fi lẹ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ìsàlẹ̀ fẹ́ńdà iwájú. Ibi tí kò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, bọ́dì fílà (ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tí irin ti jẹrà) ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ọkọ̀ àádọ́ta ọdún ó lé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ni, ojú ni wọ́n fi ń tàn ẹ́. Wo igun méjèèjì nísàlẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn, Chevelle máa ń jẹrà níbẹ̀, omi á gba ibẹ̀ wọ búùtù. Ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè, wo ibi tí sípíà táyà ń wà. Tó bá ní awọ fáínẹ̀lì (vinyl) lórí rúùfù, ṣọ́ra gidi, omi máa ń há sábẹ́ ẹ̀.

Lẹ́yìn náà dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Àní sílẹ̀. Má bẹ̀rù idọ̀tí. Chevelle ní ṣáṣí tirẹ̀ lọ́tọ̀, bọ́dì jókòó lé e lórí ni. Fi irin tó mú díẹ̀ kan ṣáṣí yẹn níbi tó ti tẹ̀ gòkè kọjá áàsù ẹ̀yìn (irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), tó bá dún kó, ó dáa, tó bá rì wọlé, gba ilé ẹ lọ. Ọ̀dà dúdú tuntun tí wọ́n fọ́n sí gbogbo ìsàlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá.

Múfú_Dallas
Kí ló dé tí o ò ra Mustang tuntun, wáránṣí, AC, o ò ní dùbúlẹ̀ sílẹ̀ kankan

Táyé Mẹkáníìkì (Philly)
Múfú lọ sùn.

Ẹ̀gbọ́n Gàníyù
Mo fẹ́ fi ti ẹ́ńjìn kún un kó tó lọ. Níwájú ẹ́ńjìn, lápá ibi tí èrò ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí orí sílíńdà ti bẹ̀rẹ̀, ojú irin pẹrẹsẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí. Nu girísì kúrò, ya fọ́tò ẹ̀ pẹ̀lú iná. Ẹ́ńjìn ńlá, T ni á fi bẹ̀rẹ̀, Tonawanda ní New York nìyẹn, oṣù àti ọjọ́ ló tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà kejì á jẹ́ apá kan nínú nọ́ńbà ṣáṣí ọkọ̀ gan-an. Ọjọ́ ẹ́ńjìn gbọ́dọ̀ ṣáájú ọjọ́ ọkọ̀, àwọn méjèèjì ò sì gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Wo ojú irin náà fúnra ẹ̀: ti fákítírì máa ń ní àwọn ìlà tín-ín-tín-ín tó lọ láti iwájú sẹ́yìn, tó bá ń dán bọ̀rọ́ láìní ìlà, wọ́n ti fá a, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tẹ nọ́ńbà míì sí i.

Àti pé 396 tí wọ́n ń kọ sára ti 1970 yẹn, 402 ni inú ẹ́ńjìn ẹ̀ gan-an, Chevrolet kàn fi orúkọ tó ń tajà sílẹ̀ ni. Tí bàbá yẹn bá ní 402 ni, kò parọ́.

Ka bọ́ọ̀tì ìdérí áàsù ẹ̀yìn náà. SS, méjìlá. Mẹ́wàá, a jẹ́ pé ibòmíì ló ti wá.

Àǹtí Ròńkẹ́ Houston
Kí wọ́n má tíì sítáàtì ẹ̀ kó o tó dé o! Sọ fún un tẹ́lẹ̀. Fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó o bá débẹ̀, tó bá ti gbóná ó ń fi nǹkan pamọ́. Kó o dúró lẹ́yìn sàlẹ́ńsà nígbà tó bá sítáàtì, èéfín búlúù tí kò lọ, ó ń jẹ ọ́ìlì, funfun tó ń nípọn lọ, omi ń wọ inú ẹ́ńjìn. Ọkọ mi máa ń ní kí wọ́n yọ pọ́lọ́ọ̀gì kí wọ́n wọn agbára sílíńdà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kó má jẹ́ pé ọ̀kan lọ sílẹ̀ jìnnà sí àwọn yòókù. Wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́tà DOT lára táyà, ọ̀sẹ̀ àti ọdún ni. Táyà lè ní ojú tó dáa kó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Táyé Mẹkáníìkì (Philly)
Àǹtí, ẹ ṣeun. Kó tún béèrè bóyá wọ́n ti ṣe orí sílíńdà, torí ẹ́ńjìn 1970, epo tó ní òjé ni wọ́n ṣe é fún, láti 1996 ni Amẹ́ríkà ti ka epo yẹn léèwọ̀ fún ọkọ̀ ojú títì. Tí wọn ò bá tíì fi ìjókòó fáàfù tó le sí i, tó o bá ń fi sáré lọ́nà jíjìn, ìjókòó fáàfù yẹn á máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Epo tòní tó ní ẹ́tánọ́ọ̀lù náà máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, wo gbogbo họ́ọ̀sì epo. Tó o bá sì lówó, san owó fún ẹnì kan tó mọ Chevelle níbẹ̀ kó bá ẹ wò ó, kó má jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá yẹn.

Dámọ́lá PG
Mo ti lọ o. Ẹ jókòó. Ẹ́ńjìn tutù, ó sítáàtì láìṣe wàhálà, kò sí èéfín tó ń bani lẹ́rù. Ṣáṣí dún kó kó kó, mo kan án títí bàbá fi ń wò mí. Fílà wà lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mágínẹ́ẹ̀tì já bọ́, omi sì ti wọ búùtù láti igun gíláàsì. Mo rí búlúù nínú búùtù àti lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Táyà 2009.

Ti ẹ́ńjìn wá nìyí: T0514, nọ́ńbà kejì ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10K. Bọ́ọ̀tì áàsù ẹ̀yìn, mẹ́wàá.

Ẹ̀gbọ́n Gàníyù
Ó ti yé mi. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ni wọ́n to ẹ́ńjìn yẹn, ọkọ̀ ti jáde láti oṣù kejì. K jẹ́ Kansas City, ti ẹ jẹ́ Baltimore. Ẹ́ńjìn gidi ni o, kò sẹ́ni tó tún nọ́ńbà ẹ̀ tẹ̀, ṣùgbọ́n Chevelle míì ló ni ín. Pẹ̀lú bọ́ọ̀tì mẹ́wàá, Malibu búlúù ni wọ́n sọ di SS pupa. Owó Malibu tí wọ́n gbé ẹ́ńjìn ńlá sí ni kó o bá a sọ. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní kọjá $35,000, fílà yẹn àti gíláàsì ẹ̀yìn á gba owó lọ́wọ́ ẹ.

Táyé Mẹkáníìkì (Philly)
Ṣáṣí tó dún kó ní Pennsylvania, ìyẹn gan-an ló ṣọ̀wọ́n. Mo lè rà á. SS tàbí kì í ṣe SS, ojú títì ò mọ̀.

Dámọ́lá PG
Mo ti sọ $34,000 fún un, mo fi fọ́tò nọ́ńbà hàn án. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun ò mọ̀ nípa ẹ́ńjìn yẹn, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nígbà tóun rà á, òun á pè mí lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Àǹtí Ròńkẹ́ Houston
Ìwọ má pè é o. Tó bá sì gbà, ìdíyelé tí ìwọ àti iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì jọ fẹnu kò sí ni kó o gbà, kì í ṣe inṣọ́ránsì lásán tí wọ́n ń ṣe fún Camry. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé Malibu ni.