Báwo ni mo ṣe lè gbé kóòdù NumPy mi wọ inú Arduino Uno R3?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fi Python àti NumPy (àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò fún Python) kọ kóòdù kan tó ń wo bí ẹ̀rọ ìlọta màmá mi ṣe ń gbọ̀n, kí a lè tètè mọ̀ tí bíárìn rẹ̀ bá fẹ́ bàjẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ó ń gba nọ́ńbà 1024, ó ń ṣe FFT (ìṣirò tó ń pín ìgbọ̀n sí frequency, ìyẹn iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ìdáhùn sì ń jáde kíá.

Ìgbà tí mo tún un kọ ní C++ fún Uno R3, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré kan, ni wàhálà dé. RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó nọ́ńbà sí nígbà iṣẹ́) kò ju báìtì 2048 lọ, float kan (nọ́ńbà oní-désímà) sì ń jẹ báìtì 4. Nọ́ńbà 512 péré ti gbé gbogbo rẹ̀ mì! Mo dín in kù sí 128. Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ n kò rí ìgbọ̀n bíárìn yà sọ́tọ̀ kúrò lára ti mọ́tò mọ́.

Ṣé kí n lo int16_t (odidi nọ́ńbà tó ń jẹ báìtì 2) dípò float ni, àbí kí n fi FFT sílẹ̀, kí n lo Goertzel (ìṣirò tó ń wo frequency kan péré lẹ́ẹ̀kan) fún frequency mẹ́ta tí mo nílò? Goertzel ló wù mí jù, torí kò ní kí n kó gbogbo nọ́ńbà pamọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n Uno R3 kò ní FPU (ẹ̀yà tó ń mú ìṣirò float yá). Ṣé ìṣirò float á yá tó kí nọ́ńbà tuntun tó dé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.